Ẹ Gbin Òdòdó fún Sójà, Ẹ Ò Bu Omi Sí I

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Èjìgbò, ẹ dákẹ́ ariwo, ẹ gbọ́ tèmi. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun, mo bá yín ní ọgbà ìrántí kan tí n kò ní dárúkọ. Ẹ wọ ẹ̀wù kan náà, ẹ gbé ọkọ́ tuntun tí erùpẹ̀ kò tíì kàn, ẹ ní ẹ yọ̀ǹda ara yín láti gbin òdòdó. Inú mi dùn débi pé èmi fúnra mi ló bu omi fún yín mu. Ẹ ya fọ́tò tán, ẹ gun ọ̀kadà, ó dìgbóṣe. Kí oṣù tó parí, ewúrẹ́ ti jẹ ìdajì, ọyẹ́ ti pa ìyókù.

Ta ló kọ́ yín pé oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni à ń gbin nǹkan? Ètè ń là, ilẹ̀ le bí àpáta, ẹ wá ń ri òdòdó mọ́ ọn. Nínú ìlú tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ àgbẹ̀! Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: ìjọba ló mú ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ náà lọ́dún 1970 ni ogun Bìáfúrà parí. Ọjọ́ 11 oṣù Bélú, bíi tàwọn Gẹ̀ẹ́sì, ni à ń ṣe ìrántí náà tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́, kí wọ́n fọn fèrè, kí wọ́n tú ẹyẹlé sílẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbìn, kó gbìn nígbà tí òjò bá balẹ̀, ní oṣù Èbìbí. Kí ọyẹ́ tó dé, gbòǹgbò á ti múlẹ̀.

Àbí ẹ ò tilẹ̀ mọ ẹni tí ẹ̀ ń bọlá fún? Àwọn bàbá kan lọ sí Bọ́mà nígbà ogun Hítílà, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọn ò sì padà. Ní Taukkyan ní Bọ́mà, nítòsí ìlú tí wọ́n ń pè ní Rangoon nígbà náà, orúkọ bí 27,000 ló wà lára òkúta, orúkọ àwọn tí a ò mọ ibojì wọn, ọmọ Áfíríkà sì wà lára wọn. Àwọn kan ò tiẹ̀ rí òkúta. Lọ́dún 2021, àjọ tó ń tọ́jú ibojì sójà láti 1917 fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ó kéré tán, 116,000 èèyàn tó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì ló pọ̀ jù nínú wọn, ni wọn ò fi orúkọ rántí. A gbọ́, a bínú sí òyìnbó. Àwa tí a ní ọgbà ńkọ́, tí ewúrẹ́ ń sùn níbẹ̀?

Àjọ yẹn kan náà ló ń tọ́jú ibojì sójà tó wà ní Ìbàdàn. Ẹni tó ń gba owó oṣù ń gé koríko. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìfẹ́ ló gbé yín wá, ẹ ò yọjú mọ́.

Ẹ má sọ pé ọ̀nà ọgbà ìrántí yẹn jìn. Ìlú tí àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń rìn dé Àbíjáàn láti ìgbà àwọn bàbá wa! Ọdún Ògìyán ńkọ́, tí apá méjì ìlú ń fi àtòrì na ara wọn? Ta ló gbàgbé ọjọ́ yẹn rí nínú yín? Òrìṣà tó jẹ́ jagunjagun ni Ògìyán yín, ẹ̀yin náà lẹ gbàgbé ọmọ ogun.

Tó bá jẹ́ pé omi ló ń sú yín, ẹ gbin pèrègún. Òun làwọn àgbà ń gbìn síbi tí wọ́n bá fẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún. Ẹ gé e, ẹ tì í bọ ilẹ̀, ó ti hù nìyẹn. Ẹ̀yin kọ̀, òdòdó inú ike ni ẹ lọ rà.

Garawa mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ yá a, kó wá ní ìdájí, kó sì dá a padà.