Fáànù Oníná Kọ́ Ni Oògùn Gbogbo Ọkọ̀ Tó Ń Gbóná

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó yẹ ká jọ sọ. Láàárín àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní Ìlú Ọba níbí, pàápàá àwa ọkùnrin tí orí wa ti ń funfun díẹ̀díẹ̀, ìfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ ti wọ̀ wá lára. Ẹni tí bàbá rẹ̀ gun Peugeot 504 láyé ọjọ́un ń wá 504 kiri. Ẹlòmíì ń wá Mercedes, àwọn míì sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, bíi MGB. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí oòrùn oṣù keje bá ti mú, tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ohun tí kálukú ń sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ ká so fáànù oníná mọ́ ọn, ká dáírẹ́ẹ̀tì ẹ̀." Ibẹ̀ ni mo ti ní tèmi í sọ. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo kọ́, èmi ò lòdì sí fáànù oníná rárá. Ohun tí mo lòdì sí ni ká fi fáànù bo àìsàn mọ́lẹ̀, tàbí ká so ó láìsí ohun tó ń ṣàkóso rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí fáànù ń ṣe. Omi tó ń yí inú ẹ́ńjìnnì ká máa ń gba ooru, á gbé e wá sínú rédíétọ̀, atẹ́gùn á sì gba ara rédíétọ̀ kọjá láti kó ooru náà lọ. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré ju nǹkan bí 30 máìlì ní wákàtí kan, atẹ́gùn tí ìrìn ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń mú wá ti tó ó lò, fáànù ò fẹ́rẹ̀ẹ́ níṣẹ́ kankan níbẹ̀ mọ́. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró tàbí tó ń rá pálá la nílò fáànù. Àléébù fáànù àtijọ́ tí bẹ́líìtì ń yí ni pé bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń rọra yí lòun náà ń rọra fẹ́, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an la nílò atẹ́gùn jù. Lórí mótòwéè tí a ò ti nílò rẹ̀, á máa yí gbirigbiri, á máa jẹ agbára ẹ́ńjìnnì lásán. Ti fáànù oníná ò rí bẹ́ẹ̀, kò bìkítà bóyá ẹ́ńjìnnì ń sáré tàbí kò sáré.

Nítorí náà, bí ọkọ̀ yín bá ń gbóná nígbà tó bá dúró, tó sì ń tutù bó bá ń sáré, ọ̀rọ̀ fáànù ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ lórí ìrìn 60 máìlì ló ti ń gbóná, ẹ wá ibòmíì wò. Ó lè jẹ́ pé ìpẹtà ti dí rédíétọ̀, tàbí kó jẹ́ pọ́ńpù omi, tàbí top gasket.

Ẹ̀gbọ́n mi kan níbí, tí wọ́n ra Peugeot 504 tí wọ́n ṣe ní 1980, pè mí lórí fóònù lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ní, "Àbúrò, fáànù méjì ni mo ti so mọ́ mọ́tò yìí, ó ṣì ń hó. Ṣé kí n fi ẹ̀kẹta sí i ni?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, níbo gan-an ló ti máa ń gbóná?" Wọ́n ní lórí M25 ni, nígbà tí ọ̀nà bá dá. Mo ní kí wọ́n tú rédíétọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe. Ihò tó lé ní ìdajì nínú rẹ̀ ló ti dí pa. Bí wọ́n ṣe pààrọ̀ rẹ̀ báyìí, ìjà parí. Ohun tí àwọn àgbà ń wí náà nìyẹn: a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Ọ̀rọ̀ thermostat ló tún kàn. Nílé, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló máa ń yọ ọ́ sọ nù. Mi ò ní bú wọn. Ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe nínú ooru Èkó, tí ojúlówó pááàtì ò rọrùn láti rí, mọ̀ pé thermostat tó bá há lè pa ẹ́ńjìnnì, ó wá kúkú yọ ewu kúrò. Àmọ́ a ti kó àṣà yẹn wá síbi tí omi ti ń dì lóṣù kìíní. Thermostat ni ilẹ̀kùn tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ, 82 tàbí 88 digiri nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa tutù jù, epo á máa ṣòfò, ọ́ìlì ò ní gbóná tó láti lé ọ̀rinrin jáde, híítà á sì máa fẹ́ atẹ́gùn tútù sí àwọn ọmọ lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ fi tuntun sí i, kò wọ́n. Kí ẹ sì po omi mọ́ antifreeze ní ìdajì sí ìdajì, torí omi lásán máa ń dì, ó sì máa ń mú irin dípẹtà.

Ó wá ku bí a ṣe ń so fáànù. Ohun tí a ń pè ní dáírẹ́ẹ̀tì ni pé kí wáyà kan ti ara bátìrì wá sí súwíìṣì iwájú awakọ̀, kó sì ti ibẹ̀ lọ sí fáànù. Lọ́jọ́ tí awakọ̀ bá gbàgbé láti tẹ súwíìṣì, ẹ́ńjìnnì á lọ. Èyí tó burú jù ni ti iná. Fáànù tó tóbi díẹ̀ máa ń fa nǹkan bí 10 amp, ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde ó ń fà jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Súwíìṣì kékeré àti wáyà tín-ín-rín ò lè rù ú. Wọ́n á gbóná, rọ́bà ara wáyà á yọ́, ó sì lè di iná.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Súwíìṣì tó ń mọ ooru ni kó máa pàṣẹ. Ẹ fi í sí ẹ̀gbẹ́ tí omi gbígbóná ti ń wọ rédíétọ̀. Ìwọ̀n tó fi ń tan fáànù gbọ́dọ̀ ga ju ti thermostat lọ. Bí thermostat yín bá ń ṣí ní 82, súwíìṣì tó ń tan fáànù ní 92, tó sì ń pa á ní 87, á bá a mu. Àlàfo 5 digiri yẹn ni kì í jẹ́ kí fáànù máa tàn kó máa kú ní gbogbo ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá fi èyí tó ń tàn ní 80 sí i, fáànù rẹ̀ ò ní sinmi mọ́.

Súwíìṣì ooru yìí ò gbọ́dọ̀ ru iná fáànù fúnra rẹ̀. Relay ni kó rù ú. Ẹnu ni ọba fi ń pàṣẹ, ìránṣẹ́ ló ń ru ẹrù. Lára relay, ojú 85 àti 86 ni ti àṣẹ. Iná ti ara bátìrì ń wọlé ní 30, ó ń gba 87 lọ sí fáànù. Ẹ fi fíúsì sáàárín bátìrì àti 30, kó sún mọ́ bátìrì pẹ́kípẹ́kí, torí wáyà tó bá wà ṣáájú fíúsì ò ní aláàbò. Fíúsì 20 amp, relay 30 amp, àti wáyà tó nípọn tó láti gbé ju ohun tí fíúsì gbà lọ, máa ń tó fún irú fáànù yẹn. Ẹ má sì fi okùn rọ́bà gba àárín rédíétọ̀ so fáànù mọ́ ọn, á máa ha á títí á fi jò. Irin ni kẹ́ ẹ fi gbé e.

Ẹni tó bá ní ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti dàgbà gan-an, kó fetí sílẹ̀. Àwọn MGB àkọ́kọ́, títí di 1967, dáínámò ni wọ́n ń lò. Lucas C40 tó wà nínú wọn ò lè pèsè ju 22 amp lọ, bí ọkọ̀ bá sì dúró, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ pèsè nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn ni fáànù ń béèrè iná. Ẹ kọ́kọ́ fi alternator sí i. Lẹ́yìn èyí, ojú positive bátìrì ni wọ́n so mọ́ ara irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá so fáànù bí ẹni ń so ó mọ́ ọkọ̀ òde òní, ẹ̀yìn ló máa fẹ́ sí. Ẹ fi bébà fẹ́lẹ́ síwájú rédíétọ̀. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, atẹ́gùn ń lọ síbi tó yẹ.

Àwọn kan á ní ẹ ti ba ọkọ̀ àtijọ́ jẹ́. Mi ò gbà. MGB GT V8 tó jáde ní 1973, fáànù oníná méjì ló bá ti iléeṣẹ́ wá. Àwọn Peugeot náà ti ń lo fáànù onímágínẹ́ẹ̀tì nínú 404 àti 504: bẹ́líìtì ń yí, ṣùgbọ́n mágínẹ́ẹ̀tì kì í di fáànù mú àfi bí omi bá gbóná. Ẹ rí i pé ìṣàkóso yìí kì í ṣe àṣà tuntun. Ẹ tọ́jú fáànù àtijọ́ sínú páálí, ẹ má lu ara ọkọ̀, ẹ lè dá a padà nígbàkúùgbà.

Láti 20 oṣù karùn-ún ọdún 2018, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti lé ní 40 ọdún ò nílò MOT mọ́ níbí, tí wọn ò bá tíì yí i padà kọjá àlà. Ọ̀pọ̀ wa ń yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n òfin ṣì ní kí ọkọ̀ pé kó tó jáde, kò sì sí ojú kejì tó ń bá wa wò ó mọ́. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ bá yí padà fún iléeṣẹ́ ìbánigbófò yín, kí wọ́n má fi kẹ́wọ́ lọ́jọ́ ìṣòro. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ọkọ̀ tó bá jó pẹ̀lú ọmọ nínú, ẹwà wo ló fẹ́ bù sí i? Lọ́jọ́ Sátidé tẹ́ ẹ bá fẹ́ so fáànù yẹn, ẹ pe àwọn ọmọ wá, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú relay dání, kí wọ́n mọ ohun tí fíúsì wà fún. Ìyẹn náà jẹ́ ogún.