Fóònù Kò Mọ Ọ̀nà Òkè

Ọ̀rọ̀ kan ti di àkọ́sórí lẹ́nu àwọn tó ń kó èrò lọ gun òkè láti Darkuman ní Accra: "Kí la fẹ́ fi amọ̀nà ṣe? Máàpù wà lórí fóònù." Bí ọdún Kérésì tàbí Àjíǹde bá ti ku díẹ̀, ìpolówó wọn á gba orí WhatsApp kan. Bọ́ọ̀sì ní iye, oúnjẹ ní iye, orin àti fọ́tò náà ní iye. Amọ̀nà nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ Afadja ni wọ́n ń lọ, àléébù náà lè má hàn. Liati Wote tó wà nísàlẹ̀ òkè náà ti mọ àlejò lára. Èèyàn á sanwó ní ọ́fíìsì wọn, ọmọ ìlú kan á ṣáájú rẹ̀, ọ̀nà náà sì ti là kedere. Ṣùgbọ́n Afadja, mítà 885, tí ọ̀pọ̀ ìwé ń pè ní òkè tó ga jù ní Ghana, ti sú àwọn kan. Òkè tí fọ́tò rẹ̀ kò tíì pọ̀ ni wọ́n ń wá báyìí: Djebobo lápá Nkwanta, ní ibodè Togo, tàbí Adaklu nítòsí Ho. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di wàhálà.

Fóònù mọ ibi tí èèyàn dúró sí. Kò mọ ọ̀nà. Ọ̀tọ̀ lèkíní, ọ̀tọ̀ lèkejì. Sátẹ́láìtì ló ń sọ ibi téèyàn wà, kò tilẹ̀ nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìlà ọ̀nà tó wà lórí máàpù kò ti ojú ọ̀run já bọ́: èèyàn ló fà á síbẹ̀. OpenStreetMap, tí Steve Coast dá sílẹ̀ ní Britain ní 2004, tí ọ̀pọ̀ áàpù ìrìn-àjò sì gbára lé, iṣẹ́ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ni. Níbi tí ẹnikẹ́ni kò bá ti fa ìlà, àwọ̀ ewé lásán ni fóònù máa fi hàn, pẹ̀lú àmì búlúù kan láàárín rẹ̀. Kí onífóònù gbọ̀n ọ́n títí, àmì náà kò ní sọ fún un pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló wà níwájú.

Àwọn ìlà tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn wá láti inú ìwọ̀n tí ọkọ̀ gbalasa òfurufú Amẹ́ríkà kan fi rédà mú ní oṣù Kejì ọdún 2000. Ojúwọ̀n kan sí èkejì tó nǹkan bí mítà 30. Òkúta tó dúró ṣánṣán lè sọnù sáàárín méjèèjì. Níbi tí igbó bá sì ti dí, orí igi ni rédà náà sábà máa ń bá pàdé, kì í ṣe ilẹ̀. Ẹni tó bá lè rìn lórí igi, kó máa tẹ̀ lé e.

Wọ́n á ní máàpù ìjọba wà. Ó wà lóòótọ́. Guggisberg, ọmọ ogun Britain, dé Gold Coast, bí wọ́n ti ń pe Ghana nígbà náà, fún iṣẹ́ ìwọ̀nlẹ̀ ní 1902, kó tó padà wá ṣe gómìnà láti 1919 sí 1927. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wọn ilẹ̀ yìí. Máàpù 1:50,000, tí sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún mítà 500, dára fún mímọ odò àti ìrísí òkè. Ṣùgbọ́n ọ̀nà oko ni ọ̀nà òkè tí kò lókìkí. Bí àgbẹ̀ bá pa oko tì, igbó á bò ó. Bó bá gbin ẹ̀gẹ́ síbòmíràn, ọ̀nà á yà síbẹ̀. Àgbẹ̀ kì í sì í kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì máàpù kó tó pààrọ̀ oko.

Ọmọ àgbẹ̀ náà ló mọ̀ ọ́n. Yóò fi àdá gé ọ̀pá kan tó ga dé àyà àlejò, yóò nà án sí i láìsọ nǹkan kan. Ẹni tó kọ̀ ọ́ nísàlẹ̀ ni yóò máa tọrọ rẹ̀ nígbà tó bá ń sọ̀. Ó mọ odò tó ń kún lẹ́yìn òjò. Ní Djebobo, ó mọ ibi téèyàn ti lè ṣèèṣì bọ́ sí Togo. Fóònù kò mọ ọ̀nà. Òun ló mọ̀ ọ́n.

"Owó wọn ti pọ̀ jù." Ẹni tó ń ra ìgò ọtí kan ní Osu láìbèèrè iye ló ń sọ bẹ́ẹ̀. "A fẹ́ dá wà nínú igbó." Kí wọ́n sanwó fún amọ̀nà, kí wọ́n ní kó má sọ̀rọ̀. Òkè Ìdànrè ní Nàìjíríà, tó ní àtẹ̀gùn pàápàá, amọ̀nà ló ń mú àlejò dé ààfin àtijọ́.

Ó sì yani lẹ́nu pé Darkuman ni ọ̀rọ̀ "máàpù wà lórí fóònù" yìí ti ń jáde. Oṣù Kẹwàá 2017 ni ìjọba gbé GhanaPostGPS jáde, tó pín gbogbo Ghana sí mítà márùn-ún níbùú lóròó, kí ilé kọ̀ọ̀kan lè ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ ra oúnjẹ lórí fóònù ní Darkuman lónìí, kí ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́. Ọlọ́kadà á pè: "Ọ̀gá, ẹ̀gbẹ́ ibo ni?" Ẹ̀gbẹ́ oníkenkey ni, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, géètì aláwọ̀ ewé. "Ẹ bọ́ síta, ẹ juwọ́ sí mi." Nọ́ńbà wà lára ògiri, pátákó orúkọ òpópónà wà níkòríta, àwọn tó kàn án mọ́bẹ̀ sì ti gbowó wọn lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún nọ́ńbà pé gọ́tà ti gé òpópónà sí méjì láti ìgbà òjò, tàbí pé onílé kan ti fi bíríkì dí ojú ọ̀nà. Ọdún mélòó ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ètò àdírẹ́sì yìí ná? Ilẹ̀ pẹrẹsẹ nìyẹn o, pẹ̀lú iná mànàmáná. Àwọn tí fóònù kò lè júwe géètì wọn ló ní fóònù náà yóò mú àwọn gun Djebobo.

Kí àjọ tó ń bójú tó ìrìn-àjò afẹ́ ní Ghana kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìsàlẹ̀ òkè ní ìtọ́jú pàjáwìrì, kí wọ́n kọ iye owó amọ̀nà sára pátákó, kí wọ́n sì sanwó fún àwọn amọ̀nà náà láti rin ọ̀nà wọn pẹ̀lú fóònù lápò, kí ìlà rẹ̀ lè wọ máàpù. Amọ̀nà níwájú, fóònù lẹ́yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kó èrò jọ ní Darkuman fún Àjíǹde tó ń bọ̀, ọgbà ìjọba Kyabobo ni Djebobo wà. Ẹ bá ọ́fíìsì ọgbà náà ní Nkwanta sọ̀rọ̀, ẹ fi owó amọ̀nà kún owó bọ́ọ̀sì, kí ẹ tó gba sídì kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.