Ọtí Bárakú: Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Mọ Ìtàn Ìdílé Rẹ̀

Kí àwọn àgbà Yorùbá tó fi ọmọ fún ọkọ, wọn a máa wádìí ìdílé tí ó ń lọ: wọn a béèrè bí wèrè, wárápá tàbí ọtí àmupara bá wà níbẹ̀. Ìmọ̀ ìṣègùn ti jẹ́rìí sí i pé ìbéèrè tí ó kan ọtí ní ìdí.

Ní ọdún 1973, Ọ̀mọ̀wé Donald Goodwin ará Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe ní Denmark, nípa àwọn ọkùnrin tí àwọn alágbàtọ́ ti tọ́ láti ọmọ ọwọ́. Nínú àwọn tí bàbá tàbí ìyá tí ó bí wọn jẹ́ ọ̀mùtí paraku, ìdá 18 nínú 100 ni ọtí di bárakú fún. Nínú àwọn yòókù, ìdá 5 péré ni. Wọn kò bá òbí wọn gbé, síbẹ̀ ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kò dúró sẹ́yìn.

Ó yẹ kí àwọn òbí tí ó wà ní Jọ́ọ̀sì, Kàdúná àti ìdálẹ̀ gbogbo ronú sí èyí. Ọ̀pọ̀ wọn ló gbà pé bí ilé bá ti jìnnà, àbùkù ilé di ìgbàgbé. Ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi a gbọ́ pé àìsàn ló pa ẹ̀gbọ́n bàbá òun. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé ọtí ni. Lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ bá gbé ife lé e lọ́wọ́, kò ní ìkìlọ̀ kankan.

Àwọn kan yóò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ba orúkọ ìdílé jẹ́, pé ó sì lè mú kí ọmọ sọ ìrètí nù. Ṣùgbọ́n ìdá 82 nínú àwọn ọmọ ọ̀mùtí ará Denmark yẹn ni kò di ọ̀mùtí. Àwọn ìwádìí lórí ìbejì náà fi hàn pé nǹkan bí ìdajì ewu yìí ni a lè kà sí àjogúnbá. Ilé, ẹgbẹ́ àti àdúgbò ni ìyókù ti ń wá. Ẹni tí kò bá sì tọ́ ọtí wò, kò lè di bárakú fún un.

Nítorí náà, kí a má fi "ọmọ ọ̀mùtí" bú ẹnikẹ́ni. Kí òbí sọ òtítọ́ ìdílé fún ọmọ kí ó tó bàlágà, bí a ti ń sọ ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìtìjú ọjọ́ kan sàn ju kí ọtí gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni.