Omi Okpara àti Àwa Ará Tchaourou

Tánkì omi gíga kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ìlú. Ẹ̀rọ á fa omi gòkè sínú rẹ̀, ìwúwo omi náà fúnra rẹ̀ ni yóò sì tì í gba inú páìpù dé ilé, kódà bí iná bá lọ fún ìgbà díẹ̀.  

Lọ́dọ̀ tiwa, omi odò Okpara ni ìlú Parakou ń mu. Kpassa ni wọ́n ti sé e, nínú kọ́múùnù Tchaourou wa níhìn-ín ní Benin. SONEB, ilé-iṣẹ́ omi ti ìjọba, ń fa omi náà, ó ń sẹ́ ẹ, ó ń fi oògùn sí i, kó tó dé ìlú. Ó dùn wá pé lórí ilẹ̀ kan náà, àwọn obìnrin abúlé ṣì ń jí ní ìdájí lọ tò nídìí ẹ̀rọ omi àfọwọ́fà.

Iṣẹ́ omi abúlé ni ìjọba tìtorí rẹ̀ dá àjọ ANAEPMR sílẹ̀ ní 2017. A bẹ̀ wọ́n: bí ẹ bá ń kọ́ tánkì, ẹ ya owó àtúnṣe rẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ̀yin ará Alafiarou ní Tchaourou wa, ẹ bi àwọn aṣojú yín léèrè ẹni tí yóò tún ẹ̀rọ ṣe lọ́jọ́ tó bá dákẹ́.