Ṣé O Gbà Mí Gbọ́?

Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, màmá mi ti oko dé ní àṣálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n sì sọ fún wa pé àwọn rí ìmọ́lẹ̀ kan tó dúró lójú ọ̀run, tó sì ṣàdédé fò lọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Màmá, ebi ló ń pa yín.” Àwọn àbúrò mi bá mi rẹ́rìn-ín. Màmá mi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n sì wọ ilé ìdáná lọ. Láti ọjọ́ náà, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà lẹ́nu wọn mọ́.

Ìtàn tọkọtaya kan ní Amẹ́ríkà ló rán mi létí ẹ̀rín yẹn lọ́sẹ̀ yìí. Barney Hill, aláwọ̀ dúdú, òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ni. Betty ìyàwó rẹ̀, aláwọ̀ funfun. Ní òru ọjọ́ 19, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1961, wọ́n ń wa ọkọ̀ bọ̀ láti Kánádà sí ilé wọn ní Portsmouth, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire. Betty rí ìmọ́lẹ̀ kan lójú ọ̀run tó dà bí ẹni pé ó ń tẹ̀ lé wọn. Barney takú pé ọkọ̀ òfurufú lásán ni. Síbẹ̀, ó dá ọkọ̀ dúró, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì fi awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn wò ó. Tìbẹ̀rùbojo ló fi sáré padà sínú ọkọ̀.

Betty fẹ́ fi tó ìjọba létí; Barney kò fẹ́. Ẹ má ṣe dá a lẹ́bi. Nígbà náà, òfin àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà ṣì ka irú ìgbéyàwó wọn léèwọ̀. Ẹni tí gbogbo ojú ti ń wò tẹ́lẹ̀ kì í fẹ́ tún sọ ara rẹ̀ di ìran àpéwò.

Ní ọjọ́ 21, Betty tẹ ibùdó ọmọ ogun òfurufú ní Pease láago. Ó fi àwọn nǹkan kan pamọ́ kí wọ́n má baà kà á sí aláìníláárí. Lọ́jọ́ kejì, Major Paul Henderson pè wọ́n padà láti wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ìròyìn rẹ̀ ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà ni wọ́n rí. Nígbà tó yá, àwọn ológun yí i padà: ẹ̀rí kò tó. Project Blue Book, ètò tí wọ́n fi ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, gba ìròyìn 12,618 kó tó kógbá sílé lọ́dún 1969. Nínú wọn, 701 ni kò ní àlàyé.

Ní 1964, nígbà tí oníṣègùn ọpọlọ kan fi oorun àtọwọ́dá bi wọ́n léèrè, tọkọtaya náà ní àwọn ẹ̀dá àjèjì gbé àwọn wọ ọkọ̀ wọn lóru ọjọ́ náà. Oníṣègùn náà gbà pé inú àlá Betty ni ìtàn yìí ti wá. Ṣùgbọ́n kò pè wọ́n ní òpùrọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Iṣẹ́ ológun ni láti bèèrè pé, “Kí ni ẹ rí?” Nínú ilé, ìbéèrè mìíràn ló ń dúró dè wá: “Ṣé o gbà mí gbọ́?” Èèyàn lè ṣiyèméjì nípa àlàyé láìfi ẹni tó ń sọ ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Barney bá ìyàwó rẹ̀ jiyàn, ṣùgbọ́n ó dá ọkọ̀ dúró.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo pe màmá mi, mo ní kí wọ́n sọ ti ìmọ́lẹ̀ ọjọ́sí fún mi. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, “Ìwọ tí o ní ebi ló ń pa mí?” Mo tọrọ àforíjì. Wọ́n wá sọ ọ́: ibi tí wọ́n dúró sí, ẹrù igi tó wà lórí wọn, bí gbogbo kòkòrò ṣe dákẹ́. Àlàyé ti ń yí lórí ahọ́n mi, ṣùgbọ́n mo gbé e mì. Mo bi wọ́n pé, “Ṣé ẹ̀rù bà yín?”

Wọ́n ní, “Ó bà mí gan-an. Kò sí ẹni tó bi mí rí.”