Ẹ Má Gbé Rìsífà Yẹn Dà Nù

Rìsífà díìṣì tí wọ́n fi ta gbọ̀ngàn wa lọ́rẹ, irú èyí tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń lò, kò bàjẹ́ rárá. Ihò tí wọ́n ki wáyà sí ni kì í ṣe ibi tó yẹ.

Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ihò BNC, tí à ń ki wáyà sí ká tó yí i kó lè dì, pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Èyí tí wọ́n kọ ASI sí, ọ̀pọ̀ ìkànnì ló dì pọ̀ sínú rẹ̀ bí ẹrù tí a kò tíì tú. Tẹlifíṣọ̀n kò lè kà á. SDI ló ń gbé àwòrán tó ti tú jáde, tohùn-tohùn. Àmọ́ tẹlifíṣọ̀n ilé kì í sábà ní ihò SDI, ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ SDI di HDMI ni ká fi sí àárín.

Wáyà náà ńkọ́? Ohm 75 ni o! Ti 50, tàwọn onírédíò, jọ ọ́ púpọ̀, ó máa ń tan èèyàn jẹ. Ara wáyà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá bá wa ka lẹ́tà kéékèèké wọ̀nyẹn, ojú yín mú ju tiwa lọ.