Orúkọ Ọ̀rọ̀ Kọ́ Ni Èdè

Ẹ pe ọmọ kan tí ó wà ní ìwé kẹfà jáde, kí ẹ bi í léèrè ohun tí à ń pè ní ọ̀rọ̀-orúkọ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Yóò dáhùn láìkọsẹ̀. Ẹ bi í ní ti ọ̀rọ̀-ìṣe, yóò kà á bí ẹni tí ń ka Katikísìmù. Ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni ó ti kọ́ sórí. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí ó kọ ìwé sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Èkó, ẹ ó rí “We discussed about the matter”, ẹ ó rí “He told to me”, ẹ ó sì rí “She gave me many advices”. Kí ni èrè orúkọ mẹ́jọ náà? Ọmọ yìí dà bí ẹni tí ó mọ orúkọ gbogbo irinṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, tí kò sì lè rọ ọkọ́ kan ṣoṣo.

Àwa kò dá ọmọ náà lẹ́bi. Ọ̀nà tí a gbà ń kọ́ni ni a dá lẹ́bi, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ń dá gbé. Olúkúlùkù ni ó ní àwọn tí ó máa ń bá rìn, àti àwọn tí kì í bá rìn rárá. Ìrìnpọ̀ yìí ni àwa ń pè ní ìtò ọ̀rọ̀. Ẹ wo èdè tiwa ná. A ń fọ aṣọ, a ń wẹ ara, a ń bọ́ ojú, a ń ṣan ọwọ́. Omi kan náà ni, ìdọ̀tí kan náà ni à ń mú kúrò, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí nì ni “wash”. Bí àlejò kan bá ti gbọ́ pé a ń bọ́ ojú, tí ó wá dúró ní gbangba tí ó ní òun fẹ́ bọ́ aṣọ, olúwarẹ̀ ti sọ ohun tí kò ní lọ́kàn, àwọn obìnrin yóò sì yí ojú kúrò. Ta ni ó kọ́ wa ní òfin rẹ̀? Kò sí ẹnìkan. Láti ẹ̀yìn ìyá wa ni a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà pọ̀ mọ́ ẹnìkejì rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Gẹ̀ẹ́sì rí. “Discuss” a máa kan ọ̀ràn náà ní tààrà, kò fẹ́ alárinà. “Talk” ni ó ń fẹ́ “about”. “Tell” a máa bá ènìyàn pàdé lójúkojú. “Say” ni ó ń ké sí “to” kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni. “Want” ń fẹ́ “to” lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà a ó wí pé “I want to read”. Ṣùgbọ́n “enjoy” kò gbà á, “I enjoy reading” ni yóò jẹ́. Ọmọ Yorùbá tí ó kọ “told to me” kì í ṣe òmùgọ̀. “Sọ fún mi” ni ó wà lẹ́nu ìyá rẹ̀, ó sì wá ọ̀rọ̀ tí yóò dúró fún “fún”. Òye ni ó lò. Ohun tí a kò fún un ni ìtò ọ̀rọ̀ náà, a sì ti rò pé a fún un nígbà tí a sọ fún un pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni “tell”. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni “say” pẹ̀lú! Orúkọ kan ṣoṣo kò lè fi ìyàtọ̀ méjèèjì hàn.

Nínú wa tí a tọ́ dàgbà nínú ìjọ, ohun mìíràn tún wà. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611, pàápàá nínú Orin Dáfídì 23 tí gbogbo wa mọ̀, “make” a máa fa “to” lẹ́yìn. Èdè dáradára ni, a kò sì ní bu ọlá rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ti òde òní ti já “to” náà sílẹ̀: “The teacher made him sweep the room”. Síbẹ̀, bí a bá yí gbólóhùn náà padà, “to” a tún padà wá: “He was made to sweep the room”. Ọmọ tí ó kọ “made him to sweep” ti gbọ́ ọ níbi tí ó lọ́lá jù lọ, nínú ilé Ọlọ́run. Kí olùkọ́ fi hàn án pé ìtò ọ̀rọ̀ a máa yí padà bí ìran ti ń kọjá. Kí ó má ṣe fi pẹ́ńsùlù pupa fà á tú láìsọ ìdí.

Ǹjẹ́ ohun tuntun ni à ń wí bí? Rárá. A. S. Hornby, ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́ni ní ilẹ̀ Japan, rí i pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ nìkan kò tó akẹ́kọ̀ọ́. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀, tí a kọ́kọ́ tẹ̀ ní Tokyo ní 1942, tí ilé ìtẹ̀wé Oxford sì gbé jáde ní 1948, ó to ọ̀nà 25 tí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ń gbà bá ọ̀rọ̀ mìíràn rìn. Àwọn ọmọ-ọmọ ìwé náà wà ní ọwọ́ wa lónìí. A ń ṣí i, a ń wo ìtumọ̀, a sì ń pa á dé, nígbà tí ó jẹ́ pé àpẹẹrẹ kékeré tí ó wà nísàlẹ̀ ìtumọ̀ gan-an ni oúnjẹ.

Dípò èyí, òfin àwọn òkú ni a ń gbé kalẹ̀. A ń wí fún ọmọ pé kò gbọdọ̀ fi “for”, “to” tàbí “with” parí gbólóhùn. Níbo ni òfin yìí ti wá? Ní 1672, akéwì John Dryden bu ẹnu àtẹ́ lu Ben Jonson nítorí àṣà náà. Ní 1762, Robert Lowth, àlùfáà tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù ní 1777, kọ ìwé gírámà. Ṣùgbọ́n òun kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ó gbà pé àṣà Gẹ̀ẹ́sì ni nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ó kàn wí pé ọ̀nà kejì yẹ ìwé ọlọ́wọ̀ jù. Àwọn tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n sọ ìmọ̀ràn di òfin. Nítorí náà ni ọmọ wa fi ń bi àlejò pé “For whom are you looking?” ní ẹnu ọ̀nà ọjà, bí ẹni pé ó wà lórí àga ìwàásù. “Who are you looking for?” ni Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ń wí.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ní ìtò tirẹ̀, ìwé sì ní tirẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé kò tún fi èyí ṣe àbá, wọ́n ti tẹ́tí sí i. Charles Fries ti Amẹ́ríkà fi ìwọ̀n wákàtí 50 ọ̀rọ̀ tí a gbà sílẹ̀ lórí tẹlifóònù ṣe ìpìlẹ̀ ìwé rẹ̀ ti 1952. Ní 1959, Randolph Quirk bẹ̀rẹ̀ sí kó èdè tí a kọ àti èdè tí a sọ jọ. Gírámà ńlá tí ilé ìtẹ̀wé Longman gbé jáde ní 1999 dúró lórí ohun tí ó lé ní ogójì mílíọ̀nù ọ̀rọ̀. Wọ́n rí i pé nínú ìtàkurọ̀sọ, “don’t” àti “it’s” kún bí ewé, “that” a sì máa bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn “I think”. Nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé, ọ̀rọ̀-orúkọ ni ń gun ara wọn lórí. Ẹni tí ó kọ́ ọmọ ní ọ̀kan, tí ó sì fi èkejì dù ú, ìdajì èdè ni ó fún un.

Ìyà rẹ̀ kò sì mọ sórí ìwé nìkan. Olùkọ́ wí pé, “You did not bring your book?” Ọmọ dáhùn pé, “Yes, sir.” Ní èdè wa, bẹ́ẹ̀ ni túmọ̀ sí pé, òótọ́ ni ẹ wí, n kò mú un wá. Ní Gẹ̀ẹ́sì, “No, sir” ni ìdáhùn náà. Olùkọ́ wo àpò, kò rí ìwé, ó sì na ọmọ nítorí irọ́ tí kò pa. Mélòó ni irú pàṣán bẹ́ẹ̀ tí ó ti bà lé ẹ̀yìn olóòótọ́!

Àwọn kan yóò wí pé, “Ẹ fẹ́ kí a da gírámà nù.” A kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ wúlò fún ẹni tí ó ti ní ohun tí a ń pè lórúkọ lọ́wọ́. Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, nínú ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ ti 1852, fi òwe púpọ̀ ti àwọn ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, kí òǹkàwé lè rí wọn lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn mìíràn yóò wí pé, Gẹ̀ẹ́sì tiwa ni “discuss about”, ẹ jẹ́ kí ó wà. Kí ó wà láàrin wa, a kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ka ìwé ìdánwò ọmọ yìí kò ní bi í bóyá ó fẹ́ràn rẹ̀. Yóò gé máàkì rẹ̀, ọmọ tí òbí rẹ̀ ti ta aṣọ nítorí owó ìwé yóò sì padà sílé.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ má ṣe kọ ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo sí ara pátákó mọ́. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú ẹni tí ó ń bá rìn: “depend on”, “listen to”, “tell him”. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ sọ ọ́ títí yóò fi mọ́ wọn lẹ́nu, kí ẹ tó sọ orúkọ rẹ̀. Ẹ gbé ti Yorùbá kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ọmọ lè rí ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti yà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ní ìwé kékeré kan lọ́wọ́; ìtò ọ̀rọ̀ tí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò tàbí tí ẹ bá rí nínú ìwé ìròyìn, ẹ kọ ọ́ sí i lódindi, kí ẹ sì fi èyí tí a sọ lẹ́nu sọ́tọ̀ sí èyí tí a kọ.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí nìyẹn. Ẹni tí ó bá sì ti ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún ọmọ, kí ó jọ̀wọ́ fi pàṣán sílẹ̀, nígbà tí ọmọ kò bá lè fi ìka kan gbé ẹrù dé orí.